Ta Ló Ń Kọ́kọ́ Dé Bí Àjálù Bá Ṣẹlẹ̀? Àlàyé lórí Oore Aládùúgbò àti ti Ẹni tí A Ò Mọ̀ Rí

Mokwa kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ìlọrin, tó gba Jẹ́bà kọjá lọ sókè Ọya, ti la ìlú náà kọjá, àwọn oníṣòwò wa sì máa ń lọ kó oúnjẹ oko níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, omíyalé gbá a. Ó lé ní 200 ènìyàn tó bá a lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá ènìyàn nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn náà jẹ́ ará ìlú náà fúnra wọn, àwọn tí omi ti kó tiwọn lọ.

Ìbéèrè méjì ló máa ń jáde lẹ́nu wa nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé. Àkọ́kọ́ ni, "Ìjọba dà?" Ó tọ́ ká bèèrè, màá sì dé orí rẹ̀. Ìkejì kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló sì ń rú ọ̀pọ̀ lójú: báwo ni ẹni tí kò ní ilé mọ́ ṣe ń fi ọwọ́ hú ilẹ̀ nítorí ọmọ ẹlòmíràn? Àwọn kan ní iṣẹ́ ìyanu ni. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé olè ni ènìyàn ń di bí ìlú bá dàrú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ìdí, ó sì ṣeé ṣàlàyé.

Kí là ń pè ní àjálù?

Bí ìjì bá ṣí òrùlé ilé kan lọ, ìṣòro ilé kan nìyẹn. Aládùúgbò á gbà wọ́n sùn títí wọn ó fi rí páànù kàn. Ṣùgbọ́n bí ìjì ọ̀hún bá ṣí gbogbo òrùlé àdúgbò, tí afárá wó, tí iná ọba lọ, tó fi di pé ẹni tí ì bá gbà ọ́ sùn náà ń wá ibi tí yóò forí lé, àjálù ló dé yẹn. Omíyalé lè mú un wá, ìmìtìtì ilẹ̀ lè mú un wá, òkè tó ya lulẹ̀ náà lè mú un wá. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé agbára tí ìlú ní tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ ká mọ̀ ni olùyọ̀ǹda ara ẹni. Òun ni ẹni tó wá ṣiṣẹ́ láìgba owó, tí ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú. Aládùúgbò tó gbé àkàbà wá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìlú mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin wá náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìṣirò sọ nípa ẹni tó ń gbẹ̀mí là?

Ìlú tó jẹ́ kí ayé rí ìdáhùn yìí kedere ni Kobe, ní Jàpáàn. Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 46 ní ìdájí ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì. Kò ju bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Àwọn tó ti jí kò tíì pọ̀. Ilé onípákó àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ sísun tó wúwo bo lórí wó lu àwọn tó sùn sínú wọn. Ilé tó wó pátápátá lé ní 100,000. Àwọn tó kú jẹ́ 6,434, ilé tó wó lù wọ́n ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ jókòó ṣírò rẹ̀, wọ́n fojú bù ú pé bí 35,000 ènìyàn ló há sábẹ́ àwókù tí kò lè dá jáde. Nínú wọn, bí 27,000 jẹ́ àwọn tí ẹbí àti aládùúgbò fi ọwọ́ ara wọn fà jáde. Panápaná, ọlọ́pàá àti ológun fa bí 8,000 jáde. Ẹ tún un kà. Nínú ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n yọ, mẹ́ta ló jẹ́ pé ẹni tó ń gbé nítòsí ló yọ ọ́, pẹ̀lú igi tí wọ́n fi ń gbé àwókù sókè, ayùn, àti jáàkì tí wọ́n tú sílẹ̀ lára mọ́tò.

Jàpáàn nìyẹn o. Orílẹ̀-èdè tó ní owó, tó ní ẹ̀rọ, tó sì ti ń múra de ìmìtìtì ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ aládùúgbò?

Àkókò ló kọ́kọ́ fà á. Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun nínú ilé ìdáná, dókítà tó gbówọ́ jù ní gbogbo Ìbàdàn kò wúlò fún un bí ó bá ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó dúró tì í ni dókítà rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ògiri dúró lé láyà rí. Ní Kobe, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yọ ní ọjọ́ kìíní ló wà láàyè. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, òkú ni wọ́n ń fà jáde jù. Ìránlọ́wọ́ tó dára tó pẹ́ dé kò lè ṣe iṣẹ́ ìránlọ́wọ́ tó mọ níwọ̀n tó tètè dé.

Ọ̀nà ló tẹ̀ lé e. Àjálù kì í wó ilé nìkan, ó ń gé ojú ọ̀nà tí olùrànlọ́wọ́ ì bá gbà. Àwa ará Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní èyí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru, omi gbé afárá lọ káàkiri ìlú, ẹ̀mí tó lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó wà ní ìhín odò kò lè dé ọ̀hún. Ẹni tó lè gbà ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹni tí odò há mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹ. Kò sì sí ìlú kan láyé tó gba panápaná tó lè kárí ogún ẹgbẹ̀rún ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Iye tí wọ́n gbà ni iye tí yóò tó iná tó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ìmọ̀. Erékùṣù Awaji wà létí Kobe, abẹ́ apá àríwá rẹ̀ gan-an sì ni ìmìtìtì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Hokudan wà níbẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn ló há sábẹ́ ilé wọn. Àwọn ará ìlú àti ẹgbẹ́ panápaná olùyọ̀ǹda tó wà láàárín wọn bọ́ síta nínú òkùnkùn, wọ́n sì parí wíwá náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Báwo ni wọ́n ṣe yára tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n mọ ẹni tó ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ yàrá tí ìyá àgbà ń sùn, wọ́n sì mọ ibi tí ó ń kọ orí sí. Nítorí náà wọn kò gbẹ́ ibi tí ènìyàn kò sí. Àjèjì tó gbé ẹ̀rọ olówó ńlá dé á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Èèyàn mélòó ló wà níbí?" Ní Hokudan, wọ́n ti mọ ìdáhùn kí ilẹ̀ tó mì.

Ṣé kì í ṣe tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n?

Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà: kọ́kọ́. Kò ní ká gbọn tara wa tán ká lọ jókòó. Bí ẹni tó yè ní Kobe ṣe ṣe nìyẹn: ó yọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ìyàwó àti ọmọ, lẹ́yìn náà ó yà sí ilé kejì.

Onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Enrico Quarantelli. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì dá ibùdó ìwádìí nípa àjálù sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, wọ́n sì ń lọ sí ibi tí àjálù bá ti ṣẹ̀ láti wo ohun tí ènìyàn ń ṣe. Ohun tí wọ́n ń rí léraléra ni pé kí ènìyàn máa sáré kijokijo, kí ó máa tẹ ọmọnìkejì pa, ṣọ̀wọ́n. Olè jíjà ń ṣẹlẹ̀, kò pọ̀ tó ariwo rẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni kí àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ.

Àhesọ burúkú a máa pani o. Nígbà tí ìjì Katrina kọlu New Orleans ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ìròyìn gba ayé pé ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀ ń lọ bí omi níbi tí wọ́n kó àwọn tí ìjì lé kúrò nílé sí. Olórí ìlú náà, Ray Nagin, pàṣẹ pé kí bí 1,500 ọlọ́pàá fi iṣẹ́ ìdóòlà ẹ̀mí sílẹ̀, kí wọ́n lọ dojú kọ olè. Àwọn ènìyàn ṣì wà lórí òrùlé lásìkò náà, tí wọ́n ń juwọ́. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni wọ́n wádìí rẹ̀ tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ìròyìn ìpànìyàn wọ̀nyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ara mi fi máa ń bù máṣọ bí mo bá rí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp pé "àwọn jàǹdùkú ti wọ àdúgbò tí omi kún," tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sí níbẹ̀, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀.

Àjèjì tí kò mọ̀ wá rí ńkọ́?

Ti aládùúgbò yé wa. Kí ló ń gbé ẹni tó wà ní ìlú mìíràn dìde?

Ẹ rántí ọkọ̀ ẹlẹ́rò tó dẹnu kọlẹ̀ lálẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Láti Èkó, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò tó wákàtí kan tí ọkọ̀ dúró, ìyá kan ti já búrẹ́dì fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan ń fi iná fóònù rẹ̀ ran dírẹ́bà lọ́wọ́, wọ́n sì ti mọ orúkọ ara wọn. Ohun kan náà ló bá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó wọ léèsì àti ẹni tó wọ àǹkárá jọ jókòó sórí koríko kan. Àjálù ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí odindi ìlú, ẹni tó bá sì ń wò ó láti òkèèrè ń rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní Mẹ́síkò, ìmìtìtì ilẹ̀ wó olú-ìlú wọn ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò kọ́ iṣẹ́ ìdóòlà rí rá wọnú ihò àárín àwókù lọ yọ ènìyàn. Wọ́n ń pè wọ́n ní Topos, orúkọ ẹranko kan tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété tiwa. Wọ́n di ẹgbẹ́, wọ́n sì wà títí dòní. Bí ilẹ̀ bá mì ní orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n a máa lọ. Ọdún 32 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án kan náà, ilẹ̀ tún mì níbẹ̀. Ayé rí ohun kan lọ́tẹ̀ yìí tí n kò lè gbàgbé: bí ẹnì kan lórí òkìtì àwókù bá na ìkúùkù sókè, gbogbo ẹni tó bá rí i á na tirẹ̀, òpópónà á sì pa lọ́lọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ dákẹ́, bóyá a ó gbọ́ ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí omi bo Porto Alegre ní gúúsù Brazil ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi ìpẹja gbé e jáde, ẹni tó ní ti fàájì gbé tirẹ̀, wọ́n ń kó ènìyàn kúrò lórí òrùlé. Omi wọ ọjà ńlá ìlú náà. Àárín gbùngbùn ọjà yẹn ni àwọn ọmọ ẹ̀sìn Batuque, tó ti ilẹ̀ wa wọ Brazil pẹ̀lú àwọn ẹrú, gbà pé Bará wà. Ẹlẹ́gbára tiwa ni, oníbodè oríta. Ibi tí ọ̀nà ti pàdé ni omi jókòó sí.

Kobe náà gba àjèjì. Láàárín ọdún kan, ó lé ní mílíọ̀nù kan olùyọ̀ǹda ara ẹni tó dé, tí púpọ̀ nínú wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí. Wọ́n pọnmi, wọ́n se ọbẹ̀, wọ́n jókòó ti arúgbó. Àwọn ará Jàpáàn ń pe 1995 ní ọdún kìíní ìyọ̀ǹda ara ẹni, wọ́n sì ya ọjọ́ 17 oṣù Kìíní sọ́tọ̀ lọ́dọọdún nítorí rẹ̀.

Ìgbà wo ni oore ń di ẹrù?

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí, pẹ̀lú ọkàn mímọ́.

Lẹ́yìn omíyalé Valencia ní Sípéènì, ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fẹsẹ̀ rìn láti àárín ìlú kọjá afárá lọ sí àwọn agbègbè tí ẹrẹ̀ bò, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì lé èjìká. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn aláṣẹ ní láti dín ìwọlé kù, nítorí ojú ọ̀nà ń dí mọ́ ọkọ̀ ìdóòlà.

Aṣọ ló burú jù. Nígbà tí ìjì Mitch kọlu Honduras ní 1998, ẹnì kan tó ń bójú tó ìrànwọ́ láti Amẹ́ríkà sọ pé ọkọ̀ òfuurufú tó kó ohun èlò kò rí ibi balẹ̀, nítorí ẹrù aṣọ tí àwọn ènìyàn fi ṣàánú ti gba pápá. Aṣọ òtútù wà nínú wọn. Honduras kì í ṣe ilẹ̀ òtútù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ ń pe irú èyí ní àjálù kejì: a gbọ́dọ̀ rí ẹni tú u, ẹni ṣà á, ibi kó o sí, àwọn ọwọ́ tó yẹ kó máa bu omi fún ọmọ ló sì ń ṣà á.

Owó ló dára jù, bí a bá ní ẹni tí a fọkàn tán tí yóò gbé e dé ibẹ̀. Ìyá tó gba owó mọ̀ pé ìrẹsì ni òun nílò tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Yóò ra á lọ́wọ́ ìyá mìíràn tí omi ti kó ìdajì ọjà rẹ̀ lọ, owó kan náà á sì gbé ènìyàn méjì dìde. Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́ fún wọn lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ko sínú omi tó ń ṣàn láti lọ gba ẹnì kan là. Omi tó ń sáré kò nílò ju ìdajì ẹsẹ̀ bàtà lọ láti gbé àgbàlagbà ṣubú; ẹsẹ̀ bàtà méjì lè gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò lọ. Ẹ ju okùn, ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu pa, ẹ na igi sí i. Olùgbàlà tó bá omi lọ ti di ẹni kejì tí wọ́n ń wá.

Ṣé ìjọba wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi nìyẹn?

Rárá. Aládùúgbò lè fa ẹnì kan jáde nínú omi Ògùnpa, ṣùgbọ́n kò lè gbẹ́ odò náà, kò lè fi kọnkéré dè é létí, kò sì lè wó ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omi yẹn pa ju 200 ènìyàn lọ, kò sì jẹ́ nítorí pé ará Ìbàdàn kò ní àánú. Ní Kobe pẹ̀lú, bí wákàtí mẹ́rin kọjá kí gómìnà tó pe àwọn ológun, inú bí àwọn ará ìlú, wọ́n sì yí ìlànà padà kí ológun má bàa dúró de ìpè bẹ́ẹ̀ mọ́. Inúure aládùúgbò kì í ṣe àwáwí fún aláṣẹ. Wákàtí àkọ́kọ́ ni ti aládùúgbò. Ọdún tó ṣáájú àti ọdún tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìjọba.

Kí ni a lè ṣe kí òjò tó dé?

Ọ̀pọ̀ ìpàdé onílé ní àdúgbò wa kò ju ọ̀rọ̀ tiransífọ́mà àti owó ọdẹ lọ. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kò gbọdọ̀ jẹ́ inú fóònù nìkan: ilé wo ni arúgbó tí kò lè dá rìn wà? Ta ló lóyún? Ta ló ní àkàbà gígùn, okùn tó nípọn, jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ tó ga? Ta ló jẹ́ nọ́ọ̀sì? Ibo ni gbogbo ìdílé yóò pàdé bí omi bá wọlé lóru? Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Àjọ tó ń wo ojú ọjọ́, NiMet, àti èyí tó ń wo omi, NIHSA, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó lè kà á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ìpàdé náà, kí àwọn ìyá tó ń tajà létí gọ́tà lè gbọ́ ọ.

Àáró ni. Àgbẹ̀ kì í dúró kí igbó kún kí ó tó wá ẹni tí wọn ó jọ máa ro oko ara wọn. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ àáró tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá ti lọ ńkọ́?

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Kobe lẹ́yìn ìdóòlà náà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń bójú tó àgọ́ mọ̀. Wọ́n kọ́ ilé ìgbà díẹ̀ fún àwọn tí ilé wọn wó. Kí ó má bàa sí ojúsàájú, ìbò ni wọ́n fi pín in, wọ́n sì kọ́kọ́ fún àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara. Ó dọ́gba, ó sì fọ́n àdúgbò ká. Ìyá tí aládùúgbò fà jáde lábẹ́ òrùlé lè bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Nínú ilé wọ̀nyẹn, ó lé ní 200 ènìyàn tó dá nìkan kú láàárín ọdún díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sí lọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan pẹ́ kí wọ́n tó rí wọn.

Àwọn ará Jàpáàn kò gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní agbègbè Niigata, ní Jàpáàn kan náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, tí wọ́n fi hẹlikópítà kó gbogbo ará abúlé Yamakoshi kúrò lórí òkè, wọn kò ṣẹ́ ìbò fún wọn nígbà tí ilé ìgbà díẹ̀ wọn parí. Agboolé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kó sójú kan, kí ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ ti ìyá àgbà lè jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tí yóò sì kanlẹ̀kùn bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò rí i níta.